Ojú Òsì Bojúwẹ̀yìn

Bojúwẹ̀yìn pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lóṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ìkéde tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwọṣọ. Ìwé náà ní agbábọ́ọ̀lù àárín tó ti ń wọ nọ́ńbà mẹ́fà láti ọdún mọ́kànlá kò ní sí nínú àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun, nítorí pé ó ń gba ìtọ́jú. Ìlà méjì péré ni. Wọn kò sọ irú ìtọ́jú tó jẹ́, wọn kò sì sọ ìgbà tí yóò padà. Obìnrin tó ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó yọ aṣọ nọ́ńbà mẹ́fà lórí okùn, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e sórí àpótí tó ga jù níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ṣèèṣì mú un.

Bojúwẹ̀yìn kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ kọ́ bọ́ọ̀lù ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, nítorí pé kì í gba bọ́ọ̀lù láìkọ́kọ́ yí orí wẹ̀yìn. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá máa ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ohun tí ìwé ara pátákó kò sọ ni pé ojú òsì ọkùnrin náà ti ń kú lọ láti bí ọdún méjì, pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, àti pé ó ń fi í pamọ́ kí wọ́n má bàa gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òun.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan tó wà lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀ ojú irin ló gbé iṣẹ́ fún un pé kó kan bẹ́ńṣì méjì tí àwọn tí kò tíì wọ pápá yóò máa jókòó lé. Lọ́jọ́ tó ń gbé bẹ́ńṣì lọ, ó mú ọmọ rẹ̀ dání kó lè bá òun di ẹsẹ̀ kan mú. Bàbá ṣì ń kan ìṣó tó kù lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ti wọ àárín àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó sọ gbólóhùn kan tó di ẹ̀fẹ̀ nínú ilé wọn títí dòní: ó ní òun fara mọ́ ọn, tí ọmọ òun kò bá ṣáà ti ní jókòó lórí bẹ́ńṣì tí òun kàn.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Fèrè, nítorí pé fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kódà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní eré kan tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá àárín. Yóò dúró sẹ́yìn ọmọ kan, yóò na ìka sókè ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó gbọ́dọ̀ ti wẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, kó sì pariwo iye ìka tó rí: ọ̀tún mẹ́ta, òsì kan. Ẹni tó bá ṣì í á sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá méfò, tó kàn dárúkọ iye tí kò rí, á sáré yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ì báà jẹ́ pé ó méfò bọ́ sí i, nítorí Fèrè máa ń mọ ẹni tó méfò. Ó ní bọ́ọ̀lù àárín kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Bojúwẹ̀yìn kò ga, kò sì yára. Nínú eré ìje, òun àti ọmọ kan tó sanra ni wọ́n máa ń jọ ṣe ìkẹyìn, ọmọ tó sanra á sì ṣáájú rẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi orí tó ń yí kiri ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á bi í pé ta ló jí bàtà rẹ̀ tó ń wá a lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di oṣù kẹta, kò sí ẹni tó ń rí bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí pé kí wọ́n tó dé ibi tó wà, bọ́ọ̀lù ti kúrò níbẹ̀. Fèrè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹsẹ̀ ẹ ò yá," ni ó wí. "Mi ò sì ní ẹsẹ̀ míì tí mo lè fún ẹ. Orí tó ò ń yí yẹn, òun nìkan lo ní. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Ó mú eré náà délé. Tó bá ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, bàbá á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á na pẹ́ńsùlù sókè, á ní, "Mélòó?" Ọmọ á wẹ̀yìn kíá, á ní méjì ni. Bàbá á ní irọ́ ni, mẹ́ta ni, ó gbàgbé èyí tó wà létí òun. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ìyẹ̀fun igi á sì máa bọ́ láti orí àwọn méjèèjì.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó lọ sí ilé ìbùsùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ló wà nínú yàrá kan, fèrèsé kan, àti òórùn bàtà tí kì í jáde bí wọ́n tilẹ̀ ṣí fèrèsé náà láti àárọ̀ dalẹ́. Méjìlélógún ni wọ́n ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun. Ẹni tí kò bá rí orúkọ rẹ̀ á ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Kì í sí ìdágbére. Àwọn tó kù á kàn wọlé bá bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀. Nígbà tí Bojúwẹ̀yìn fi pé ọdún méjìdínlógún, ó ku àwọn mẹ́ta. Kí ọdún mẹ́rin mìíràn tó pé, ọ̀kan nínú wọn ti ń ta táyà ọkọ̀, èkejì ti di ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ pápá pẹ̀lú àwọn àgbà. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí ìdíje parí, òjò ń rọ̀, ẹgbẹ́ kejì sì ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé sí wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà: bọ́ọ̀lù kan tó gbà tó sì fún ẹni tó yẹ, àti èkejì tó fún ọ̀tá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yá a fún ẹgbẹ́ kékeré kan fún sáà méjì, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwẹ̀, tí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jù sì máa ń kọ́kọ́ wẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra pé òun kì í sábà kọ́kọ́ wẹ̀, ṣùgbọ́n pé òun kò wẹ̀ kẹ́yìn rí.

Ìgbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ló dé ẹgbẹ́ tó wà títí di báyìí. Ó bá wọn jábọ́ láti líìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá wọn gòkè padà. Wọ́n pè é sí ibùdó ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì jẹ́ kó mú aṣọ ìgbáradì lọ. Aṣọ náà ni bàbá rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù títí ó fi ya ní ìgbọ̀nwọ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í hàn sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn tó ń dí ẹ̀yìn, á gbé e fún àwọn tó ń sáré níwájú, á sì padà sí àyè rẹ̀. Ìwé ìròyìn kì í dárúkọ rẹ̀ àfi tí rẹfirí bá fún un ní káàdì. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ṣe èyí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó ti sùn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì débi pé tó bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò fi ara sí. Láàárọ̀, kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ní láti di ògiri mú, kó máa fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, títí kókósẹ̀ rẹ̀ á fi rántí iṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n irú àárẹ̀ tí ènìyàn ti ń bá gbé pẹ́ ni, tí kò tún jọ àárẹ̀ mọ́.

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun máa ń lò. Tí eyín bá ń dun ọ̀kan nínú wọn, tí òrùlé ilé rẹ̀ bá ń jò, tí àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ kó wá wo ọmọ tuntun, ohun kan náà ló máa ń sọ: tí sáà bá parí. Wọ́n ń sọ ọ́ láìrò ó. Tí sáà bá sì parí, ìgbáradì fún sáà mìíràn á ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méje sẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká kọlu òpó ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó ní gígùn tí kò yẹ. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ orí ni. Lọ́jọ́ kan tí Bojúwẹ̀yìn lọ kí i, ó rántí eré wọn àtijọ́, ó na ìka mẹ́ta sókè sí ẹ̀gbẹ́ òsì bàbá rẹ̀, ó ń retí kí arúgbó náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tún sún ọwọ́ náà mọ́ ọn. Bàbá kò mọ̀ pé ọwọ́ kankan wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún sì ti kéré bí ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ojú ṣàlàyé pé omi tó wà nínú ẹyinjú ló ń ti iṣan ojú, pé ó ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ènìyàn kì í fi tètè mọ̀. Ó ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú ì bá ti dá a dúró ká ní wọ́n tètè wá. Ó tún ní inú ẹbí ló máa ń rìn, pé kí ọmọ rẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa bá ẹgbẹ́ tó wà lókè líìgì gbá ni ọ̀sẹ̀ náà. Bojúwẹ̀yìn dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó ní òun á wá tí sáà bá parí.

Sáà márùn-ún parí lẹ́yìn ìyẹn.

Nínú sáà kẹfà, ní ìdíje kan tí kò ṣe pàtàkì, ọkùnrin kan yọ sí i láti ẹ̀gbẹ́ òsì bí ẹni tó hù látinú ilẹ̀, ó sì gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bojúwẹ̀yìn ti wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ó dá a lójú pé ibẹ̀ ṣófo. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àárẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń yí ọrùn dé ibi tí ọrùn lè dé kí ojú ọ̀tún lè bá òsì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn èrò rò pé ó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe fújà ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni aṣọ́lé wọn, ọkùnrin gìrìwò kan tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn. Láti ojú ilé tó dúró sí, ẹ̀yìn Bojúwẹ̀yìn ló ń wò láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sí ohun tí orí yẹn ṣe tí kò mọ̀. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Òsì!" ni yóò ké tí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, Bojúwẹ̀yìn á sì yí sí ọ̀tún. Fún sáà kan àti ààbọ̀ ni ohùn Ilẹ̀kùn fi jẹ́ ojú òsì fún un, àwọn méjèèjì kò sì fi ẹnu sọ ọ́. Nínú bọ́ọ̀sì pàápàá, Ilẹ̀kùn fi ìjókòó tó ti ń jókòó sí tipẹ́ sílẹ̀, ó wá jókòó sí apá òsì rẹ̀, ó ní oòrùn ń pa òun níbi tí òun wà tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ẹnì kejì tó mọ̀. Ó kíyè sí i pé ife ń bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ òsì tábìlì nìkan. Ó ti gbọ́ ìtàn ìka àti pẹ́ńsùlù. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń jẹun, ó dúró sí apá òsì ọkọ rẹ̀, ó na ìka mẹ́rin sókè, ó sì dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó lọ fọ abọ́ tí kò tíì dọ̀tí. Ọjọ́ méjì kọjá kó tó lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ fún un ní ìdáhùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi," ni obìnrin náà wí, "ọkùnrin ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ sáà."

Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife sí apá ọ̀tún.

Oṣù karùn-ún ọdún yìí ni àdéhùn Ilẹ̀kùn pin. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ìdíje ìkẹyìn, ó ń kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú báàgì nígbà tí Bojúwẹ̀yìn wá jókòó tì í. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹlòmíràn nítòsí.

"Àbúrò, ta ló máa máa pariwo fún ẹ báyìí?"

Bojúwẹ̀yìn tú okùn bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa lọ rí wọn. Tí sáà bá ti parí."

"Sáà ti parí," ni Ilẹ̀kùn wí. "Òpin ẹ̀ la jókòó sí yìí. Wo ilẹ̀, wọ́n ti ń gbá a."

Òótọ́ ni, ọkùnrin kan ti ń fi ìgbálẹ̀ kó koríko àti ẹrẹ̀ tí bàtà wọn gbé wọlé. Bojúwẹ̀yìn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí ìgbálẹ̀ lè kọjá.

Ẹgbẹ́ ti ní àwọn yóò fún un ní àdéhùn ọdún kan sí i, tí ara rẹ̀ bá yege àyẹ̀wò. Ọdún kan yẹn ló ń lépa. Kò retí ife-ẹ̀yẹ kankan. Ohun tó fẹ́ ni pé kí òun fúnra òun yan ọjọ́ tí òun yóò bọ́ bàtà, kí bàbá òun wà ní pápá lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ etí nìkan ni yóò fi gbọ́ ọ. Ó ti rí bẹ́ẹ̀dì púpọ̀ tó ṣófo. Kò fẹ́ kí tirẹ̀ náà ṣófo láàárín àárọ̀ kan.

Aṣọ́lé tuntun jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Nínú ìdíje ìgbáradì àkọ́kọ́, Bojúwẹ̀yìn gba bọ́ọ̀lù, ó wẹ̀yìn, ó yí sí òsì, ó sì gbé bọ́ọ̀lù náà fún ẹsẹ̀ ọ̀tá bí ẹni fi ẹ̀bùn tọrẹ. Góòlù ni. Ẹnì kan láàárín èrò ní kí wọ́n bá bàbá yìí ra díńgí ọkọ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ọn léjìká. Èrò rẹ́rìn-ín, ẹni tó gbá góòlù náà wọlé rẹ́rìn-ín, Bojúwẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ́rìn-ín kí wọ́n má bàa wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò. Dókítà ẹgbẹ́ jẹ́ obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Pátákó lẹ́tà tó fi ń wo ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lára ògiri, ní ọ̀kánkán bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ fún wọn. Ọdún mọ́kànlá ni Bojúwẹ̀yìn ti ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ̀lú yìnyín lórí kókósẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn láti wò. Ó mọ pátákó náà bí ọmọdé ṣe ń mọ orin ilé-ìwé. Ní àyẹ̀wò méjì tó kọjá, ojú òsì rẹ̀ kò ka nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ ló kà á.

Dókítà ní kó fi ọwọ́ bo ojú òsì kó fi ọ̀tún kà. Ojú tó ń ríran kò nílò ẹ̀tàn, nítorí náà Bojúwẹ̀yìn fi òótọ́ kà á. Ó ka ìlà méje, ó rọra fà nídìí ìkẹjọ, ó ní òun kò rí ìyókù. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kó bo ọ̀tún. Gbogbo yàrá di ìkùukùu fún Bojúwẹ̀yìn. Ó fẹ́ kí àyẹ̀wò náà tètè tán, ẹnu rẹ̀ sì sáré jù ú lọ. Ó ka ìlà kìíní dé ìkọkànlá láìmí, ó sì tún ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tẹ pátákó náà, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Dókítà gbé bíírò sílẹ̀.

"Ojú ọ̀tún ẹ ka ìlà méje," ni ó wí. "Ojú òsì ẹ ka gbogbo ẹ̀, ó tún kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ojú àṣá ni wọ́n bá ẹ pààrọ̀ sí i ni?"

Bojúwẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fa àga kan wá síwájú rẹ̀, ó jókòó débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún dáadáa, kó máa wo imú òun, kó má sì yí orí. Láti ọdún méjìlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan yóò sọ fún un pé kó má yí orí. Ó gbọ́ tí aṣọ dókítà dún wúyẹ́, ó mọ̀ pé ọwọ́ ti gòkè ní ẹ̀gbẹ́ òsì òun.

"Mélòó?"

Ó mọ eré náà ju bí dókítà ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ na ìka méjì. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ sọ méjì. Ó wá rántí pápá tó wà lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀ ojú irin, àti bí Fèrè ṣe máa ń mọ ẹni tó méfò, tí kì í bínú, tó kàn máa ń fi ọwọ́ júwe ojú ọ̀nà tí ẹni náà yóò gbà sáré. Ó rẹ̀ ẹ́. Kò tún ní agbára láti sáré yí nǹkan kan ká mọ́.

"Mi ò rí ọwọ́ yín, Dókítà."

Obìnrin náà sún ọwọ́ wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀kánkán imú kí Bojúwẹ̀yìn tó ní òun rí òjìji kan. Dókítà bi í pé ó ti tó ìgbà wo. Ó ní ó ti tó ọdún méjì. Ó bi í bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí tó ní àrùn ojú, Bojúwẹ̀yìn sì sọ ti bàbá rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Dókítà wo pátákó ara ògiri. Ó ní òun náà jẹ̀bi níbẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí òun ti pààrọ̀ pátákó yẹn láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ó dìde, ó yọ ọ́ lára ògiri, ó sì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ lórí tábìlì.

Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Èyí tó ṣẹ́ kù lójú òsì, àti ojú ọ̀tún tí àìsàn náà ti ń yọ́ bẹ̀ wò, ni wọ́n lè gbà là bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, kó sì máa kán oògùn sójú lójoojúmọ́. Kò gbọdọ̀ fi orí kan bọ́ọ̀lù títí dókítà ojú yóò fi yọ̀ǹda. Bóyá yóò tún gbá bọ́ọ̀lù, òun kò lè sọ. Ó bi í bóyá ó bímọ. Bojúwẹ̀yìn fèsì pé ọmọbìnrin kan ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Mú un dání tó o bá ń lọ," ni dókítà wí. "Má sọ tí sáà bá parí fún mi. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ ọ́."

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbà lọ láti ibẹ̀. Arúgbó náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi sáńpépà họ ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan, tó bá họ ọ́ tán á fi àtàǹpàkò wá ibi tó ṣì rí gbágungbàgun. Ó mọ ìrìn ọmọ rẹ̀. Ó bi í bóyá wọ́n ti fún un ní ìwé àdéhùn tuntun. Ọmọ ní rárá. Ó jókòó sórí pákó, ó sì sọ bí ó ṣe rí, láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Èwo ni?" ni bàbá wí.

"Òsì ni, Bàbá."

"Òsì náà ló kọ́kọ́ mú lára tèmi." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí igi. "Ìyẹ̀fun igi ni mo rò pé ó fọ́ ọ. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ ẹ lórí rédíò, mo máa ń dúpẹ́ pé o ò gba iṣẹ́ mi, pé afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sí ẹ lójú níbẹ̀, kò sí ìyẹ̀fun igi."

Bojúwẹ̀yìn dìde lórí pákó. Ó mú sáńpépà mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹsẹ̀ kejì. Wọ́n ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, bàbá bi í bóyá bẹ́ńṣì méjì yẹn ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù. Ó ní ó wà, pé ọ̀kan ti ń mì. Bàbá ní kó lọ gbé e wá tí ara rẹ̀ bá le, òun á tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí pé ó lè wá jẹ́ pé ọmọ òun náà ló máa jókòó lé e. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti ilé-ìwé, ó ní ẹnì kan ní kíláàsì sọ pé wọ́n ti lé bàbá òun. Bojúwẹ̀yìn ní wọn kò lé òun, òun ló sọ òótọ́ fún wọn. Ọmọ náà ronú sí i, ó sì ní ṣé abẹ́rẹ́ wà nínú àyẹ̀wò ti òun. Bàbá rẹ̀ ní kò sí, wọ́n kàn máa na ìka sókè ni, kí ó máa ka iye rẹ̀.

"Kí n má méfò?"

"Má méfò rárá."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun nílé ọ̀tá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni yóò sì gbá àárín. Ti Bojúwẹ̀yìn ṣáájú ìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ojú. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọn yóò ṣe àyẹ̀wò ọmọ rẹ̀ ní yàrá tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ ti gba àyè níbi iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ni yóò fi ọkọ̀ gbé wọn, ó ní kí wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà ní aago méje géérégé, kí Bojúwẹ̀yìn jókòó síwájú, kó jẹ́ pé òun awakọ̀ ni yóò wà lápá òsì rẹ̀.